Ẹ̀jẹ̀ Fòníkú-Fọ̀ladìde: Ta Ni Ó Jẹ̀bi?

Ẹ̀yin ará, láyé àwọn baba wa, bí ọmọ bá ń kú léraléra, àbíkú ni a ń pè é, a sì máa ń fura sí ìyá rẹ̀. Ní 1957, Vernon Ingram fi hàn pé ìyípadà ẹyọ kan péré, nínú èròjà tí ń gbé afẹ́fẹ́ kiri inú ẹ̀jẹ̀, ni ó fa àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde: hóró ẹ̀jẹ̀ a tẹ̀ bí dòjé, a sì dí ọ̀nà. Síbẹ̀, ẹni tí ó gbà á lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo, èyí ni AS, ibà líle kì í tètè pa á. Anthony Allison kọ èyí ní 1954. Ní Kìṣí wa yìí, tí ẹ̀fọn kì í jẹ́ kí a sinmi, ààbò ńlá ni.

Ta ni a ó ha dá lẹ́bi? Kì í ṣe ìyá nìkan ni ó bí ọmọ SS. Bàbá pẹ̀lú fi tirẹ̀ sí i, kò sì sí ẹni tí ó yan ẹ̀jẹ̀ fún ara rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tí ó mọ̀ tí ó sì dákẹ́ ni ó ní ẹjọ́ láti rò. Bí AS méjì bá fẹ́ra, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu náà nínú oyún kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ sọ ọ́ ní kíláàsì. Nígbà tí àwa bá fi máa bèèrè ìwé àyẹ̀wò, ẹbí ti ra aṣọ tán, ojú sì ń ti àwọn ọmọ náà láti padà.