Ǹjẹ́ Ẹnití Ó Ni Ọ̀nà Ni Ó Ni Ẹrù Èrò Bí?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti la Ṣómólú kọjá rí ní ọ̀sán yíò ti gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Láti òpópónà Shipeolu títí dé ìhà Bàrígà, bí a ti ńtẹ ìwé nínú ilé kan, bẹ́ẹ̀ni a ńgé bébà nínú èkejì, tí a sì ńdi ìwé pọ̀ nínú ẹ̀kẹta. Ní àtijọ́, oníbàárà a máa gbé ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sí abíyá wá. Lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ púpọ̀ ńgbà wá. Nítorínáà ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ ní oṣù yìí kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò wa ni.

Láìpẹ́ yìí a wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ńtẹ ìwé ní Bàrígà. Oníbàárà kan ti fi ìwé ètò ìsìnkú ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ sí i láti ọ̀nà jíjìn, ó sì ńfẹ́ kí a ti tẹ̀ ẹ́ tán kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rí ọ̀rọ̀ oníbàárà rẹ̀ lórí WhatsApp, ó sì fèsì. Ṣùgbọ́n nígbàtí ó fẹ́ ṣí ibi tí a fi ìwé náà pamọ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ṣí. Dátà tí ó rà, ti WhatsApp nìkan ni, nítorípé òun ni owó rẹ̀ kéré jù. Ó lè bá oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ náà títí ilẹ̀ yíò fi mọ́, ṣùgbọ́n kò lè gba iṣẹ́ náà. Ó ní láti yá owó ra dátà mìíràn. Ó wí fún wa pé, “Bàbá, mo rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ni mo rà, àṣé yàrá kan ṣoṣo nínú ilé ńlá ni wọ́n tà fún mi.” Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn wa.

Ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ńjà lé lórí káàkiri àgbáyé fún ogún ọdún ó lé. Ní ọdún 2003 ni Tim Wu, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa òfin ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé tí ó fún ọ̀rọ̀ náà ní orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Ní èdè wa a lè pè é ní àìṣègbè lórí íntánẹ́ẹ̀tì: èyíinì ni pé kí ilé-iṣẹ́ tí ńta ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì fún wa máa gbé ohun gbogbo tí ó bá òfin mu kọjá bákan náà, láìwo ojú ẹnití ó fi í ránṣẹ́ tàbí ẹnití yíò gbà á.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa yékéyéké, ẹ jẹ́ kí a mọ bí iṣẹ́ náà ti rí. Ìwé, àwòrán tàbí ohùn tí a bá fi ránṣẹ́ kì í lọ lódidi. A máa ńgé e sí ìdì kéékèèké, a sì ńkọ ibi tí ó ti wá àti ibi tí ó ńlọ sí ara ìdì kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́bí a ti ńkọ ọ́ sí ẹ̀yìn lẹ́tà. Ẹnití ó ni ọ̀nà lè wo ohun tí a kọ sí ara ìdì náà. Bí ó bá sì fẹ́, ó lè dá a dúró pátápátá, tàbí kí ó fà á sẹ́yìn kí ó máa wọ́ bí ìgbín, tàbí kí ó gba owó lọ́wọ́ ọlọ́rọ̀ kí tirẹ̀ lè máa ṣíwájú, tàbí kí ó jẹ́ kí ti ẹnìkan kọjá lọ́fẹ̀ẹ́ nígbàtí ti àwọn yòókù ńjẹ owó wa.

Àwọn tí ó ni ọ̀nà ní àwíjàre, kò sì yẹ kí a dá wọn lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu wọn. Wọ́n ní àwọn ni ó náwó sí i. Òtítọ́ ni. Wáyà abẹ́ òkun MainOne, tí ó ti Pọ́túgà wá sí Èkó ní ọdún 2010, kì í ṣe owó kékeré ni a fi tẹ́ ẹ. Àwọn òpó gíga tí ó wà láàrin ilé wa sì ńmu epo dísù ní ọ̀sán àti lóru nítorí àìsí iná. Nígbàtí wáyà bíi mélòó kan bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan ní oṣù kẹta ọdún 2024, gbogbo wa rí i pé ẹni tí ńtún ọ̀nà ṣe wúlò. Nítorínáà nígbàtí àjọ ìjọba tí ńṣe àkóso ìbánisọ̀rọ̀, tí a ńpè ní NCC, gbà ní oṣù kìíní ọdún 2025 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ náà fi kún owó wọn, tí àfikún náà kò sì gbọdọ̀ ju 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ó dùn wá lápò, ṣùgbọ́n a kò lè wí pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ gba owó ọ̀yà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan yàtọ̀ sí èkejì. Kí alárù gba owó nítorí ìwúwo ẹrù, ẹ̀tọ́ ni. Kí ó gba owó kan lọ́wọ́ ẹnití ó ra iṣu ní ìsọ̀ àna rẹ̀, kí ó sì gba ìlọ́po mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnití ó ra irú iṣu kan náà ní ìsọ̀ ẹlòmíràn, èyí kì í ṣe owó ọ̀yà mọ́. Ó ti ńfi àárù pa ọjà ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Láyé àwọn bàbá wa, oníbodè wà ní ẹnu ibodè ìlú, ó sì ńgba owó-ibodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò.  Ṣùgbọ́n dídí ọ̀nà a máa dá ìjà sílẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Ìjẹ̀bú àti àwọn Ẹ̀gbá ni ó di ọ̀nà etí òkun mú, ó sì ṣòro fún àwọn ará òkè láti bá Èkó ṣòwò bí kò ṣe láti ọwọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí wà lára ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe ìdí ogun Ìmàgbọn ní ọdún 1892. A kò yin ogun náà, nítorípé èrè ara wọn ni àwọn tí ó jà á ńwá. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹnití ó di ọ̀nà kan ṣoṣo mú ní agbára lórí oúnjẹ àwọn tí kò rí ojú rẹ̀ rí.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, “Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé gbogbo ohun tí a bá mú wá ni ẹ ńtẹ̀?” Ìbéèrè náà dára. Nígbàtí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, òun ni ó ńyan ohun tí yíò wọ inú rẹ̀, kò sì ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, nítorípé olóòtú ìwé ìròhìn ńfi orúkọ ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ńpín lẹ́tà kiri kì í ṣe olóòtú. Lẹ́tà onílẹ́tà ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá fi ọ̀kan pamọ́ nítorípé ọ̀tá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó kọ ọ́, a ó pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ńta ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì, akọ́lẹ́tà ni, kì í ṣe olóòtú.

Nísisìyí a dé ibi tí ó le jù, èyíinì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, Facebook àti Airtel gbé Free Basics wá sí Nàìjíríà, tí ó jẹ́ kí ènìyàn lè wọ àwọn ojú-ewé kan láìsan owó dátà. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Mark Zuckerberg tìkararẹ̀ wá sí Yàbá, tí kò jìnnà sí wa rárá. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún kan náà, àjọ tí ńṣe àkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Íńdíà ti fi òfin de irú ètò bẹ́ẹ̀, wọ́n sì wí pé iye owó dátà kò gbọdọ̀ yàtọ̀ nítorí ohun tí ènìyàn fẹ́ wò. Ta ni ó ṣe rere? Ẹnití ebi ńpa a máa wí pé ẹ̀kọ díẹ̀ sàn ju àìjẹun lọ, àwa tí ó yó kò sì gbọdọ̀ fi òye wa gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdáhùn yìí lágbára, a kò sì fẹ́ fò ó dá.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a yẹ ẹ̀bùn náà wò. Ẹnití ó fún ọmọ aláìní ní owó ọkọ̀ ṣe é lóore. Ẹnití ó gbé e lọ́fẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ nìkan, ńṣe òwò. Òwò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má pè é ní àánú. Bí ọmọdé bá dàgbà nínú yàrá kan tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, kò ní mọ̀ pé ilé náà ní yàrá mìíràn. Àti ọ̀dọ́ Akọ́ká tí ó ṣe ohun titun kò ní rí ẹni tí yíò wò ó, nítorípé ti ẹnití ó lówó jẹ́ ọ̀fẹ́, tirẹ̀ sì ńjẹ dátà. Bí a bá fẹ́ ṣe ìtọrẹ ní tòótọ́, ẹ jẹ́ kí a fún tálákà ní ìwọ̀n dátà díẹ̀, kí ó sì gba ọ̀nà tí ó wù ú.

A kò wí pé kí ohun gbogbo rí bákan náà láìní ìyàtọ̀. Ohùn ẹnití ńpe dókítà lóru kò lè dúró de eré bọ́ọ̀lù, ó sì tọ́ kí a dí ọ̀nà mọ́ olè àti ẹlẹ́tàn. Ìyàtọ̀ nípa irú ohun tí a ńgbé lè jẹ́ ọgbọ́n. Ìyàtọ̀ nípa ẹnití ó ni ín ni ègbè.

Kí a sì rántí pé ẹnu ibodè tí oníṣòwò lè tì, aláṣẹ náà lè ní kí ó tì í. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ kí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí dí ọ̀nà Twitter, a kò sì ṣí i títí di oṣù kìíní ọdún 2022. Ní oṣù keje ọdún náà ilé-ẹjọ́ ECOWAS dá a lẹ́jọ́ pé ìdíwọ́ náà kò bá òfin mu. Ọjà àwọn ẹlòmíràn ní àdúgbò wa ti bàjẹ́ kí ìdájọ́ náà tó dé.

Ǹjẹ́ òfin nìkan tó láti gbà wá? Ní Amẹ́ríkà wọ́n fi òfin àìṣègbè lélẹ̀ ní ọdún 2015, wọ́n fagi lé e ní ọdún 2017, wọ́n mú un padà ní ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ sì tún wó o ní oṣù kìíní ọdún 2025. Nílé wa níhìn-ín, NCC gbé ìlànà kan jáde ní ọdún 2019 tí ó dá ẹ̀tọ́ wa sí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ṣí sílẹ̀ mọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ìlànà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ dàbí àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù. Ohùn àwọn ènìyàn ní agbára: ní òpin oṣù kọkànlá ọdún 2016, nígbàtí NCC fẹ́ fi ìwọ̀n sí iye tí owó dátà kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ jù, ariwo àwọn ènìyàn ni ó mú kí ó dá àṣẹ náà dúró kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorínáà, kí olúkúlùkù béèrè kí ó tó rà: ṣé odidi ilé ni, tàbí yàrá kan? Bí a bá rẹ́ wa jẹ, nọ́ńbà 622 ti NCC wà fún ẹ̀sùn wa. Kí àwa náà sì yẹ ara wa wò. Atẹ̀wé Ṣómólú tí ó gba iṣẹ́ olóṣèlú méjì, tí ó sì fi ti ọ̀kan falẹ̀ títí ìdìbò fi kọjá nítorípé èkejì fún un lówó ẹ̀yìn, kò yàtọ̀ sí oníbodè tí a ńbá wí. Ohun tí a kò fẹ́ kí alágbára fi ọ̀nà rẹ̀ ṣe sí wa, kí a má fi ẹ̀rọ wa ṣe é sí ẹlòmíràn. Ẹnití ó ni ọ̀nà, kí ó gba owó ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù èrò, ti èrò ni.