Ta Ni Yóò Ka Ọ̀rọ̀ Othello?

Nínú eré onítàn Othello tí Shakespeare kọ, èyí tí wọ́n ṣe ní ààfin ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1604, ìran àkọ́kọ́ parí láìsí ẹni tó dárúkọ Othello. Ètè rẹ̀ ni wọ́n ń pè, àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń pè, wọ́n sì tún fi í wé ẹranko. Ó di ìran kẹta kí olórí ìlú Venice tó pè é lórúkọ.

Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá fi orúkọ rẹ sílẹ̀, tó ń fi àwọ̀ ara pè ọ́, ó ti bú ọ tán. Mo mọ èyí, síbẹ̀ mo ṣe irú rẹ̀ sí ọmọ kan.

Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo ló wà ní kíláàsì mi lọ́dún náà. Nígbà tí a fẹ́ ka eré náà sókè, mo ní kí ó ka ọ̀rọ̀ Othello. Mo rò pé mo pọ́n ọn lé ni. Bí a ti dé ibi ọ̀rọ̀ ètè yẹn, àwọn kan rẹ́rìn-ín, gbogbo ojú sì yí sí i. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ó bi mí pé: “Sà, ká ní n kò wá lónìí, ta ni ẹ̀ bá fún?” N kò rí èsì fún un.

Ṣé kí a wá pa eré náà tì? Rárá. Ní ọdún 1833, Ira Aldridge, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe Othello ní Covent Garden bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìwé ìròyìn kan bú u. Hugh Quarshie, tí wọ́n bí ní Ghana, ti fìgbà kan jiyàn pé bóyá kò yẹ kí òṣèré aláwọ̀ dúdú gba ipò náà. Ní ọdún 2015, òun fúnra rẹ̀ gbà á ní Stratford, aláwọ̀ dúdú mìíràn, Lucian Msamati, sì ṣe Iago. Ènìyàn lè bá ìwé jà láìjù ú nù.

Àwọn mìíràn ní ìwé ni ìwé, kí ẹni tó bá dùn fara dà á. N kò gba ìyẹn náà. Bí kíláàsì bá ń wo ojú ọmọ kan kí wọ́n tó mọ ohun tí ẹlẹ́yàmẹ̀yà jẹ́, ọmọ yẹn nìkan ló san owó ẹ̀kọ́ gbogbo wọn.

Nísinsìnyí, mo máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ fún wọn kí a tó ṣí ìwé. Gbogbo wọn ló ń ka Othello ní àkàtúnkà, ẹni tí kò bá fẹ́ lè kọ̀. A kì í bèèrè irú ẹni tí wọ́n ń bú; irú ẹni tó ń bú u là ń bèèrè.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n Iago ni òun fẹ́ kà. Mo fún un.