Ta Ló Gbẹ́ Kòtò Náà?

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Òwe yìí dùn ún gbọ́, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú inú wò ó, a ó rí i pé ènìyàn méjì péré ni òwe náà mẹ́nu bà: ẹni tó jìn sí kòtò, àti ẹni tó dúró lókè tí ó ń wò ó. Kò sọ ti ẹni tó gbẹ́ kòtò, kò sì sọ bóyá ẹnikẹ́ni na ọwọ́ sí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ìwé ìtàn kan ló fà á.

Ìwé náà ni Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá, Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láyé, tí Isaac Babalọlá Thomas kọ. Inú ìwé ìròyìn tirẹ̀, Akéde Èkó, ni ó ti kọ́kọ́ ń jáde díẹ̀díẹ̀, láti oṣù Keje ọdún 1929 títí di oṣù Kẹta ọdún 1930, kí ó tó di odindi ìwé ní 1930 kan náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a kọ́ nílé ìwé pé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ni ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Ọdún 1938 ni ìyẹn jáde. Sẹ̀gilọlá fi ọdún mẹ́jọ ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 2012, Karin Barber tún ìtàn náà tẹ̀ jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó mú kí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá pàápàá lè bá wa dá sí ẹjọ́ obìnrin náà.

Ohun tí ìtàn náà dá lé lórí kò ṣòro láti sọ. Obìnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lọ, tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀, ń kọ lẹ́tà sí olóòtú ìwé ìròyìn. Ó ń ròyìn bí ìyá òun ṣe tọ́ òun dàgbà ní Èkó pẹ̀lú ọwọ́ líle, bí ẹwà òun ṣe di ohun tí gbogbo ojú ń wò, àti bí òun ṣe ń ti ọwọ́ ọkùnrin kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, títí ẹwà fi ṣá, tí owó tán, tí ọ̀rẹ́ sì fọ́n ká. Ó ń sunkún, ó sì ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọge kí wọ́n má ṣe tọ ọ̀nà tí òun tọ̀. Ṣùgbọ́n bó ti ń sunkún náà ni ó ń rántí. Ó ń rántí orin tí ó gbòde nígbà náà, ó ń rántí àwọn àdúgbò Èkó lórúkọ, ó ń rántí bí òun ṣe ń fi ojú pe àwọn ọkùnrin. Bí ó ti ń pè é ní ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni adùn rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ibí yìí ni ìjà àwọn òǹkàwé ti bẹ̀rẹ̀.

Thomas kò fi ara hàn gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé nígbà tí ìtàn náà ń jáde. Ó ṣe bí ẹni pé lẹ́tà ni òun ń gbà, tí òun sì ń tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, àwọn kan nínú àwọn òǹkàwé ìgbà náà gbà pé obìnrin náà wà láàyè. Àwọn kan kọ̀wé láti dúpẹ́ ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Àwọn kan ń wádìí èwo nínú àwọn gbajúmọ̀ obìnrin Èkó ni ó ń fi orúkọ yẹn bojú. A sì rí nínú wọn ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n fi ṣe ìtọ́jú aláìsàn náà. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá dé ibẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ mi. Mo máa ń pè wọ́n ní òǹkàwé tí kò tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín àròsọ àti òótọ́.

Mo ti fi ìwé yìí kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí mo bá ti parí àlàyé, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ẹ̀kọ́ wo ni ẹ rí kọ́ nínú rẹ̀? Gbogbo ìgbà ni kíláàsì máa ń pín sí mẹ́ta.

Apá kìíní ni àwọn adájọ́. Wọ́n á ní ohun tí ènìyàn bá gbìn ni yóò ká. Wọ́n á ní ìyá kọ́ ọ, ó kọ etí ikún. Obìnrin tó bá sọ ìwà nù, kí ó má sọ pé òun kò lórí ọkọ. N kò fojú tín-ín-rín èrò yìí. Ìwà lẹwà ni Yorùbá wí, kò wí pé ẹwà ni ìwà. Bí a bá sì gba gbogbo ẹ̀bi kúrò lọ́rùn Sẹ̀gilọlá, a ti gba nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, èyíinì ni pé ó jẹ́ ènìyàn tí ó lè yan ohun tí ó fẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò tọrọ pé kí a gba ẹ̀bi náà kúrò.

Apá kejì ni àwọn aláàánú. Àwọn wọ̀nyí á ní ìyá tí ó ń fi ẹgba nìkan tọ́ ọmọ kò tíì tọ́ ọmọ. Wọ́n á ní kí a wo irú Èkó tí ọmọ náà bá láyé. Òfin ìgbéyàwó ti ọdún 1884 ti mú ìgbéyàwó olórùka wá sí ìlú náà, ìdána àti ìgbéyàwó ìbílẹ̀ kò sì kúrò nílẹ̀. Ọkùnrin lè fi òrùka gbé ìyàwó kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó sì tún ní àwọn mìíràn níta tí òfin olórùka kò kà sí nǹkan kan. Ọmọbìnrin tí ó bá jáde láìmọ èwo nínú ilẹ̀kùn méjèèjì ni yóò wọlé, kò ní pẹ́ tí yóò fi bá ara rẹ̀ ní ojú títì. Kò sí àní-àní pé òtítọ́ wà nínú èyí náà.

Apá kẹta ni àwọn tí kò gba ẹ̀rí obìnrin náà gbọ́ rárá, nítorí pé ọkùnrin ló kọ ọ́. Wọ́n á ní ta ni ó ń ronú pìwà dà níhìn-ín, Sẹ̀gilọlá ni tàbí ohun tí Thomas rò pé ó yẹ kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ sọ? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Èkó nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Daniel Defoe ti ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1722 nígbà tí ó fi ohùn obìnrin kọ ìtàn Moll Flanders, olè àti aṣẹ́wó tí ó ronú pìwà dà. Ó yẹ kí a máa ṣọ́ra pẹ̀lú omijé tí ẹlòmíràn bá bá ni sun. Síbẹ̀, ohùn tí Thomas fún Sẹ̀gilọlá lágbára ju ìwàásù tí ó fẹ́ kí ó ṣe lọ. Adùn tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ohun tí oníwàásù máa ń fi síbẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó gba gègé lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́.

Bí mo ṣe máa ń fi ọgbọ́n ilé ìwé pín ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, títí di ọjọ́ kan tí ọmọkùnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn na ọwọ́ sókè. Ó ní, “Sà, wọ́n pè é ní ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ. Àwọn ẹgbẹ̀rún ọkọ náà ńkọ́? Èwo nínú wọn ló kọ lẹ́tà sí olóòtú?” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo dá a lóhùn pé ìyẹn kò sí nínú ohun tí a ń kọ́ lọ́jọ́ náà, a sì kọjá lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wọ inú ọ́fíìsì mi. Kì í sábà sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó sì sọ fún mi pé òun gbé ìwé náà lọ sílé nígbà ìsinmi. Bàbá òun gbà á, ó ń kà á sókè ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé sì ń gbọ́. Ẹ̀gbọ́n òun obìnrin wà níbẹ̀, ẹni tí ó ti lọ sí ìlú ńlá, tí ó sì padà wálé pẹ̀lú ọmọ tí kò ní bàbá. “Láti ọjọ́ náà, sà, Sẹ̀gilọlá ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi nínú ilé wa. Àwọn ọmọdé pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀.” Kò wá láti fi ẹjọ́ sùn. Ìbéèrè kan ni ó bá wá: nínú ìwé náà, ṣé ẹnikẹ́ni lọ kí Sẹ̀gilọlá lórí ibùsùn rẹ̀?

N kò rí èsì fún un. Mo ti ń ka ìwé náà fún iye ọdún yẹn, n kò bi ara mi ní ìbéèrè náà rí. Èyí tí ó tún dùn mí jù ni pé ẹ̀kọ́ tí mo fi ń yangàn pé mo ń kọ́ni ti di orúkọ tí wọ́n fi ń na ọmọ ọlọ́mọ nínú ilé bàbá rẹ̀. Bàbá náà kò ṣi ìwé náà kà. Bí mo ṣe kọ́ ọmọ rẹ̀ pé kí a kà á ni ó ṣe kà á: wá ẹni tó jìn sí kòtò, kí o sì fi í kọ́gbọ́n.

Ìgbà tí ọmọbìnrin náà lọ tán ni mo tó rántí àwọn tí mo ti ń fi rẹ́rìn-ín, àwọn òǹkàwé ọdún 1929 tí wọ́n fi owó ránṣẹ́ sí obìnrin tí kò sí. Àwọn ni wọ́n lọ kí i. Òótọ́ ni pé wọ́n ṣìnà nípa ohun tí ìtàn jẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò ṣìnà nípa ohun tí ènìyàn jẹ́. Àwa tí a mọ̀ pé ẹ̀dá ìtàn lásán ni, a ti sọ ìmọ̀ yẹn di àwáwí láti má ṣàánú. Bí ẹni náà bá sì dìde ní ojú ayé, tí ó gbé ọmọ pọ̀n, ojú ẹ̀dá ìtàn náà ni a óò fi wò ó.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé kí a máa wá gbóríyìn fún ìṣekúṣe ni? Rárá o. Yorùbá ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi ti òsì fà á mọ́ra. Òwe náà kò gba ọwọ́ ọ̀tún kúrò. Ohun tí ó ń sọ ni pé ìbáwí ọlọ́wọ́ kan kì í ṣe ìbáwí. Bákan náà, wọ́n ní agbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ tí a gbọ́ lẹ́nu obìnrin kan ṣoṣo, tí àwọn ẹgbẹ̀rún ọkọ inú rẹ̀ kò yọjú sí, kò tíì tó dá. Bí Sẹ̀gilọlá bá jẹ̀bi, kí ó jẹ ẹ̀bi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á má fi ẹ̀bi ẹgbẹ̀rún ènìyàn dì í lórí.

Mo ṣì ń fi ìwé náà kọ́ni, nítorí pé ìwé tó dára ni. Ọmọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn ti jáde yunifásítì kí n tó rí èsì ìbéèrè rẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ gbèsè lọ́rùn mi. N kò bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́ mọ́. Ohun tí mo ń bi wọ́n báyìí ni pé: ta ló gbẹ́ kòtò náà, ta ló sì na ọwọ́ sí i? Kíláàsì ṣì máa ń pín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti dín kù níbẹ̀.