Díẹ̀díẹ̀ Nimú Ẹlẹ́dẹ̀ Ń Wọgbà

Ẹlẹ́dẹ̀ kì í fò gba orí ọgbà. Imú ló kọ́kọ́ ń tì bọ̀ ọ́, kí gbogbo ara tó tẹ̀ lé e. Ọmọọba Yẹmisí Shyllon ni mo máa ń rí nínú òwe yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra iṣẹ́ ọnà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí agbára rẹ̀ ṣe mọ. Bí òwò ṣe ń gbè é, bẹ́ẹ̀ ni ère àti àwòrán ń pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, títí wọ́n fi ju 7,000 lọ. Ó fi 1,000 nínú wọn ta Yunifásítì Pan-Atlantic lọ́rẹ, ó sì náwó sí ilé tí wọ́n kó wọn sí, èyí tó ṣí ní 2019.

Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá Òṣòdì ní Èkó. Ibẹ̀ lọkàn mi wà. Láti Ìsọlọ̀ dé ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, níbi tí ilé iṣẹ́ ọnà Shyllon wà, owó ọkọ̀ nìkan tó lé ọmọ ilé ìwé padà. Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló ń gba Òṣòdì kọjá lójúmọ́. Kí olówó mìíràn gbé ère kan ṣoṣo síbẹ̀ ná.