Ta Ló Ni Géèmù Tí A Ti San Owó Rẹ̀?

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ra ẹ̀rọ géèmù tuntun, wọ́n yọ orúkọ wọn kúrò lórí ti àtijọ́, wọ́n sì gbé e fún mi. Àwọn géèmù orí sídì ṣiṣẹ́. Àwọn tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ̀ jálẹ̀: orúkọ mi kọ́ ni wọ́n fi rà wọ́n. Mo ní ìrẹ́jẹ ni.

Ìyá mi ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, wọn kò sì tètè gbà. Ayédèrú àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn aláró. Wọ́n ní ẹni tó ṣe géèmù náà lẹ́tọ̀ọ́ láti tìlẹ̀kùn mọ́ olè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ta aṣọ tán, ṣé wọ́n máa ń tẹ̀lé oníbàárà délé láti wo ẹni tó fẹ́ yá a wọ̀?

Lọ́dún 2013, Microsoft kéde pé Xbox One gbọ́dọ̀ kan sí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí 24, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ géèmù kò ní ṣiṣẹ́, títí kan ti orí sídì. Ariwo sọ, wọ́n yí i padà kí ẹ̀rọ náà tó dọ́jà. Ẹni tó ń ra dátà ní Abẹ́òkúta mọ ìdí ariwo yẹn.

Àgádágodo tó tọ́ lójú mi ni èyí tó ń dènà àdàkọ, tó sì ń jẹ́ kí n fi géèmù tọrẹ, kí ó kúrò lọ́wọ́ mi bó ti ń dọ́wọ́ ẹlòmíràn.

“Aṣọ a máa gbó,” ni ìyá mi wí, “géèmù kì í gbó. Ta ni yóò tún ra tuntun?”

Ìbéèrè yẹn le. Bóyá kí a dúró fún oṣù mélòó kan kí a tó lè fi tọrẹ. Mo lè fara mọ́ ìyẹn.