Ó Ha Jẹ́ Ẹ̀ṣẹ̀ Láti Sá Bí?

Ní ọdún 2010 ni àwọn ará Faransé ṣe sinimá kan tí ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, *Des hommes et des dieux*, nípa àwọn mọ́ńkì Ìjọ Àgùdà ní Tibhirine, ilẹ̀ Àlgéríà. Ogun abẹ́lé dé. Ẹ̀rù bà wọ́n, àwọn kan sì fẹ́ lọ. Àwa kò dá wọn lẹ́bi, nítorí Olúwa wa fúnra Rẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí a ń ṣe inúnibíni sí láti sá. Ṣùgbọ́n àyè náà há fún ẹni tí àwọn mìíràn gbójú lé. Luc, àgbà oníṣègùn, ni ó ń tọ́jú àwọn Mùsùlùmí abúlé náà, àwọn tí kò ní ibi tí wọn ó sá sí. Wọ́n dúró. Ní oṣù kẹta ọdún 1996 a jí méje nínú wọn gbé, a sì pa wọ́n. Sinimá náà kò fi ikú wọn hàn wá. A kàn rí wọn tí wọ́n ń rìn lọ nínú òjò dídì, títí kùrukùru fi bò wọ́n.