Ìrànlọ́wọ́ Tí Ó Pẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìbéèrè kan ni a gbé ka iwájú yín: bí a bá ṣe ìlérí oúnjẹ fún ẹni tí ebi ń pa, tí a sì mú un dúró pẹ́ títí, ǹjẹ́ a kò ti fi apá kan rẹ̀ dù ú?

Ní October 2023, Ìjọba Àpapọ̀ ṣe ìlérí ₦25,000 lóṣooṣù, fún oṣù mẹ́ta, fún agbo ilé aláìní mílíọ̀nù 15. Ní January 2024 a dá ètò náà dúró nítorí ẹ̀sùn lórí ìnáwó. Lẹ́yìn náà a ní kí olúkúlùkù ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ kí a tó sanwó fún un. Títí wọ inú ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ṣì ń retí, bẹ́ẹ̀ ni owó ọjà kò dúró dè wọ́n.

Òtítọ́ ni pé olè a máa jẹ ìpín tálákà, ìṣọ́ra yẹ. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìwà òdodo ha ni kí opó tí ń pàtẹ ní Àkówọ́njọ máa ru ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá? Lójú tiwa, kí a san ti ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ dájú lójú ẹsẹ̀, kí a yẹ ti ẹni tí ó ń kọni lóminú wò, kí a sì sọ fún olúkúlùkù ibi tí ọ̀ràn rẹ̀ dé.

Àwa náà ńkọ́? Ẹni tí ó mọ̀wé kí ó bá aládùúgbò rẹ̀ gba nọ́ńbà náà, kí àìmọ̀wé má ba fi kún ìdádúró rẹ̀.